Ìkòkò Yanrìn Ìyá Díẹ̀díẹ̀

Mo ti gun òkè náà dé ìdajì nígbà tí orúnkún ọ̀tún mi yẹ̀. Ìkòkò yanrìn wà lórí mi. Mo fẹ́ fi ọwọ́ òsì gbá a mú, ọwọ́ kò gbọ́. Ìkòkò ṣubú, ó fọ́, yanrìn dà sí mi lójú, èmi náà sì yí bọ̀ nísàlẹ̀ bí ọsàn tó bọ́ nínú agbọ̀n. Ibi tí mo dúró sí, ẹsẹ̀ arúgbó tó ni ìkòkò ni.

Kò bi mí bóyá mo fara pa. Àpáàdì ló ń wò.

Ó ní, "Ẹ̀kúnwọ́ mélòó lo bù sí i?"

Mo ní, "Mo bù ú kún ni, ìyá."

"Mélòó ni mo ní kí o fi kún ti àná?"

"Ẹyọ kan ni, ìyá."

Ó wọlé. Ó gbé ìkòkò mìíràn jáde. Òfìfo ni. Ó ní, "Òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

Iṣẹ́ oṣù méjì ló dànù bẹ́ẹ̀. Nípa ìṣirò mi, àbúrò mi ti wọlẹ̀ dé orúnkún lọ́jọ́ náà.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé agolo tí wọ́n da sìmẹ́ǹtì sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Tìámíyù, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí n wá sọ bí mo ṣe ní irú ọrùn yìí, mo wá, mo jókòó. N kò lágbára ọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Ohun tí mo bá sọ lẹ́ẹ̀kan, n kò ní í tún un sọ.

Tìámíyù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní, "Baba Ọdẹ́ṣínà, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ta ló ri àbúrò yín mọ́lẹ̀?"

Ó dára. Màá padà sẹ́yìn.

Ògúnmọ́dẹdé ni àbúrò mi, ọmọ ìyá mi. Ó gba ẹ̀kọ́ ilé jù mí lọ. Ohun tó kó wa sí wàhálà nìyẹn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, àwa méjèèjì wọ Igbó Àìsinmi lọ. Ọdẹ kì í wọ ibẹ̀. Nítorí pé ọdẹ kì í wọ ibẹ̀ ni mo ṣe wọ̀ ọ́. Ọmọdé ń ṣe mí nígbà náà, mo ń pa ẹfọ̀n bí ẹni pa eṣinṣin. Igi tó wà nínú igbó náà kì í fara ti ara wọn. Ẹyẹ ibẹ̀ kì í bà. Ohunkóhun tí a bá rí níbẹ̀, bí kò bá dúró, á jẹ́ pé ó ń rìn. Ìkankan kì í jókòó.

Mo dúró kí n tún okùn apó mi so. Àbúrò mi ṣíwájú. Ó dé ìkóríta, ó bá bàbá arúgbó kan tó ru òkúta. Òkúta náà tóbi tó ahéré. Bàbá náà kò ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ọrùn rẹ̀ sì ti wọ inú èjìká lọ. Ẹ mọ ohun tí ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ máa sọ.

Àbúrò mi ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, baba. Ẹ jẹ́ n bá yín rù ú."

Bí ìyá wa ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Bó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti yẹ̀ sínú igbó bí ẹni tó rí ẹtu.

Nígbà tí mo fi máa dé ibẹ̀, òkúta ti wà lórí àbúrò mi. Bàbá náà ń na ọrùn. Ọrùn náà ń dún bí igi gbígbẹ.

Mo ní, "Ògúnmọ́dẹdé, sọ̀ ọ́."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kò ṣe é sọ̀. Ó ti lẹ̀ mọ́ mi lórí."

Bàbá náà wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Ó ní òun ó bá mi rù ú. Kò bi mí ní ibi tí òun ó sọ̀ ọ́ sí. Ẹni tó bá gba ẹrù tí kò béèrè ibi sísọ̀, ó gbà á títí ayé nìyẹn. Bí èmi náà ṣe gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn nìyẹn. Mo ti gbàgbé ojú onítọ̀hún. Agbérùmásọ̀ ni wọ́n ń pè mí."

Mo ní, "Ẹ gbà á padà, baba. Ọmọdé ni."

"N kò gbà."

"Kí ni mo lè ṣe tí ẹ ó fi gbà á?"

Ó rò ó. Ó ní, "Dá mi. Bí o bá jìjàkadì pẹ̀lú mi tí ẹ̀yìn mi kan ilẹ̀, n ó gba òkúta mi padà. Bí mo bá dá ọ, màá wá òkúta tìrẹ fún ọ."

N kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán tí mo fi bù mọ́ ọn. Ẹ mọ̀ pé nínú ìlú yìí, ọdún méje gbáko ni ẹ̀yìn mi kò fi kan ilẹ̀ ní ojú agbo. Bàbá náà fi ìka méjì mú mi ní ẹ̀yìn ọrùn. Ó gbé mi sókè bí ẹni tó ń wo ìwọ̀n ẹran. Ó tún gbé mi sílẹ̀, ó fi mí dúró lórí ẹsẹ̀ mi, ó sì fọwọ́ gbọn eruku kúrò lára mi.

Ó ní, "O ò tíì wúwo tó ohun tí wọ́n ń dá. Lọ wúwo wá."

Ìyà ti jẹ mí láyé yìí, ṣùgbọ́n kò tíì sí èyí tó dùn mí tó gbígbọn tó gbọn eruku yẹn.

Mo wo àbúrò mi. Ilẹ̀ ti bo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Agbérùmásọ̀ ní, "Bí oṣù bá ṣe ń lé ni yóò máa wọlẹ̀. Kí òjò tó kásẹ̀ nílẹ̀, ilẹ̀ á dé ẹnu rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti dí i lẹ́nu, tí o pè é tí kò lè jẹ́ ọ, òkúta ló ni ín nìyẹn."

Ògúnmọ́dẹdé ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sáré. Ṣùgbọ́n ẹ má pẹ́."

Tìámíyù ní, "Baba, ta ló wá ń fún un lóúnjẹ?"

Ebi kì í pa ẹni tó wà lábẹ́ òkúta yẹn. Àyè kò sí fún ebi.

Mo rìn. Ẹ má bi mí léèrè ọ̀nà. Ọ̀nà ni ọ̀nà ń jẹ́. Mo dé ibodè ìlú kan tó ń jẹ́ Ìlú Fúyẹ́. Oníbodè méjì wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀. Wọ́n so òkúta mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ wọn bí a ṣe ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fì wọ́n síwá sẹ́yìn.

Ọ̀kan ní, "Àlejò, kí ni ẹrù tí gbogbo ayé ń rù tí ẹnikẹ́ni kì í sọ̀?"

Mo ní, "Orí ni."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ọrùn mi ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní kí n wọlé. Bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń dún lórí ilẹ̀ ni àwọn èèyàn ń jáde. Wọn kò gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ìyàwó ilé ń wá fọwọ́ kan gìgísẹ̀ mi. Wọ́n ń sọ pé, "Ẹ wá wo ẹni tó wúwo." Ẹ wo ayé. Níbì kan, ìka méjì ló gbé mi. Níbòmíràn, wọ́n ń fi mí búra.

Àṣejù ìyìn ló tẹ̀ lé e. Wọ́n mú mi lọ sí ààfin, wọ́n sì so mí mọ́ ìdí àga tí wọ́n fi okùn de ọba mọ́. Ọba tó jẹ ṣáájú, ọyẹ́ ló gbé e lọ. Wọ́n ṣì máa ń rí i nígbà mìíràn, tó bá ń kọjá lókè. Wọn kò fẹ́ kí èyí náà lọ. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi jẹ́ èèkàn ọba. Mo ń jẹun, mo ń sùn, mo ń ka ọjọ́. Ilẹ̀ ń gun àbúrò mi.

Ní ọjọ́ kejìlá mo pe olórí àwọn ìjòyè. Mo ní, "Gbogbo yín ni ẹ so òkúta mọ́ ẹsẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò so ó mọ́ ti ọba?"

Ó wò mí bí ẹni wo wèrè. Ó ní, "Ọba kì í ru ẹrù."

Mo ní, "Òótọ́ ni. Nílé wa náà, ọba kì í ru ẹrù. Ṣùgbọ́n ṣé ọba kì í lo ọ̀ṣọ́?"

"Ọ̀ṣọ́ ni ọba í lò."

"Ẹ ran yanrìn mọ́ ìṣẹ́tí agbádá rẹ̀, kí ẹ pè é ní ọ̀ṣọ́."

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jíròrò rẹ̀. Wọ́n rán an. Ọba jókòó láìsí okùn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wá ní, "Àlejò, kí lo fẹ́?"

Mo ní, "Kábíyèsí, mo fẹ́ wúwo."

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín títí tí orí wọn fi ń kan àjà. Ọba nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá amọ̀kòkò kan wà ní ìdí òkè tó wà níwájú yẹn. Òun ló kọ́ àwọn bàbá wa bí a ṣe ń so òkúta mọ́ ẹsẹ̀. Ìyá Díẹ̀díẹ̀ lorúkọ rẹ̀. Má bá a jiyàn."

Mo bá a jiyàn.

Ó gbé ìkòkò òfìfo lé mi lórí. Ó ní kí n gun òkè dé orí, kí n padà wá. Mo ní, "Ìyá, mo ti dá gbé ẹfọ̀n kúrò nínú ẹrẹ̀ rí. Kí ni màá fi ìkòkò òfìfo ṣe?"

Ó ní, "Ẹfọ̀n náà, ìgbà mélòó lo gbé e?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni."

"Ẹni tó gbé nǹkan lẹ́ẹ̀kan, ìbínú ló bá a gbé e. Gun òkè."

Mo gun òkè. Ní ọjọ́ kejì, ó bu yanrìn ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ìkòkò, ó ní kí n lọ dà á sórí òkè. Ní ọjọ́ kẹta, ó fi ẹ̀kúnwọ́ kan kún ti àná. N kò mọ ìyàtọ̀. Ìtìjú bá mi. Okùnrin tó ń dá ènìyàn ní ojú agbo ló ń ru yanrìn tí ọmọ ọwọ́ lè gbé. Báyìí ni oṣù méjì fi lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo jí yanrìn rẹ̀ bù, mo bù ú kún ìkòkò dé ètè, mo sì gbé e. Ẹ ti gbọ́ bó ṣe parí.

Akínbọ̀dé, má dọ́gbọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìwọ ni mò ń wí. Mo rí ọ lánàá tí o gbé agolo mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí àwọn ọmọbìnrin tó ń ti odò bọ̀. Àyà rẹ tóbi, ẹsẹ̀ rẹ dà bíi ti lékèélékèé. A kì í ru ẹran erin lórí ká máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ, o ò tíì ní ẹsẹ̀ tí o fi máa wa ìrẹ̀ pàápàá.

Akínbọ̀dé ní, "Baba, ẹ padà sórí ìtàn yín. Ẹsẹ̀ mi ò sí níbẹ̀."

Lẹ́yìn tí ìkòkò fọ́, ẹnu mi wọlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti òfìfo. Ohun tí ìyá náà bá ní kí n ṣe ni mo ń ṣe. Ní òwúrọ̀, mo gun òkè. Ní ọ̀sán, mo gbé ìtì igi ayan lé èjìká, mo lóṣòó, mo dìde, mo tún lóṣòó. Ó jókòó níwájú mi, ó ń mọ ìkòkò, kò gbójú sókè. Bí mo bá di èémí mú, ó máa ń mọ̀.

Ó máa ń ní, "Mí jáde bí o bá ń dìde. Ẹni tó di èémí mú, ẹrù méjì ló ń gbé."

Nígbà tó yá, ó fún mi ní ìkòkò kékeré méjì. Wọn kò létí, ètè wọn sì ń yọ̀. Ó ní kí n fi orí ìka di ètè wọn mú, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, kí n máa rìn yí ilé ká. Yanrìn ń wọ inú àwọn náà, ẹ̀kúnwọ́ kan lóòjọ́. Èékánná mi wú. Ìka mi kò ká mọ́ra mọ́. Mo ń fi ẹnu bu ẹ̀kọ jẹ bí adìyẹ tó ń mumi.

Ohun tó nira jù kọ́ nìyẹn. Ní gbogbo ọjọ́ kẹrin, ó máa ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi kí n sùn.

Mo ní, "Ìyá, àbúrò mi ń wọlẹ̀."

Ó ní, "Nígbà tí o bá ń gbé ẹrù, ara rẹ ń wó. Nígbà tí o bá sùn ni mo ń tún un mọ. Ta ló ń mọ ilé lábẹ́ òjò?"

Ó máa ń fún mi ní ẹ̀wà àti ẹyin awó, á sì ti ìlẹ̀kùn. Mo máa ń dùbúlẹ̀, màá máa ro ibi tí ilẹ̀ dé. Itan. Ìbàdí. Ìdodo. Ìró òjò lórí koríko ilé dà bí ìró ẹni tó ń wa ilẹ̀. Bí mo bá ní kí n fọ́ ìlẹ̀kùn, mo lè fọ́ ọ. Mo dùbúlẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, ìdùbúlẹ̀ yẹn ni mo fi ń yangàn.

Oṣù márùn-ún mìíràn ló lọ. Ìkòkò ńlá kún. Àwọn ìkòkò kékeré kún. Ní òwúrọ̀ kan ìyá náà fọwọ́ kan ọrùn mi. Kò rí i mú. Ó ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú èjìká. Ó ní, "Ó tó."

Mo ní, "Ìyá, mo ti lágbára?"

Ó ní, "Rárá. Ó ti sú ọ ni. Ẹni tí agbára ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí lára kì í lè dúró lójú kan. Ẹni tí ó ti sú, tí kò sì sọ̀, òun ni mo ń rán lọ."

Mo béèrè gbèsè tí mo jẹ ẹ́. Ó ní n kò jẹ òun ní nǹkan kan. Mo gun òkè lọ wo ilẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn, mo sì kíyè sí ohun tí ìrẹ̀wẹ̀sì kò jẹ́ kí n rí láti ìgbà tí mo ti ń da yanrìn sí orí òkè náà. Ilé ni. Ó ti fi gbogbo yanrìn mi po amọ̀, ó ti fi kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta sókè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Mo rò pé mò ń kọ́ iṣẹ́ ni. Aláàárù ni mí.

Tìámíyù ní, "Baba, ó jẹ́ pé ó rẹ́ yín jẹ."

Kò rẹ́ mi jẹ. Mo ní ọrùn, ó ní ilé.

Òjò ìkẹyìn ń rọ̀ nígbà tí mo dé ìkóríta. Mo rí òkúta lórí ilẹ̀. Mo rò pé mo pẹ́. Mo tẹ̀ síwájú, mo rí imú, mo rí ojú méjì, mo rí ètè òkè àti ètè ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó fi ojú wá mi.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ọrùn yín dà?"

Mo ní, "Má sọ̀rọ̀. Ẹrẹ̀ máa wọ ẹnu rẹ."

Agbérùmásọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti lọ, kò jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, nítorí pé àgbà ni, n kò sì fẹ́ kí ìyá wa gbọ́ pé mo bá àgbà jà láìkí i.

Ó ní, "Àyà rẹ ti kan ilẹ̀. Mo ti dá ọ."

Mo ní, "Ẹ̀yìn là ń kà, baba."

Ó ní, "Òótọ́ ni. Mo kàn ní kí n wò ó."

A dì mọ́ra. Ẹ má retí kí n sọ pé ilẹ̀ mì, pé àpáta fọ́. Arúgbó kan àti ẹni tó rẹ̀ dì mọ́ra nínú ẹrẹ̀. Mo tì í, kò mì. Ó tì mí, mo fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì ha ilẹ̀, mo lọ sẹ́yìn títí tí gìgísẹ̀ mi fi kan òkúta. Ó tẹ orúnkún mi kan mọ́lẹ̀. Mo dìde. Ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo mí jáde, mo dìde. Ó fẹ́ fi ìka méjì mú mi ní ẹ̀yìn ọrùn bíi ti àkọ́kọ́. Kò rí ọrùn mú. Bí ó ṣe ń wá a kiri ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi orí ìka di bàǹtẹ́ rẹ̀ mú. Ó tutù, ó ń yọ̀ bí ètè ìkòkò. Mo dìde pẹ̀lú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín lókè. Ó ní, "O gbé mi. Báwo lo ṣe fẹ́ dá mi?"

Òótọ́ ló sọ. Bí mo bá fẹ́ jù ú, ẹsẹ̀ mi yóò yọ̀, èmi ni yóò sì wà nísàlẹ̀. Bí mo bá gbé e kalẹ̀, n kò ní í lè tún un gbé. Mo dúró.

Ó ní, "Ó dáa. Mo ń bọ̀ wá wúwo."

Ó wúwo bí àgbò. Ó dúró díẹ̀, ó wúwo bí màlúù. Ó dúró díẹ̀, ó wúwo bí ọ̀pẹ tó ṣubú tòun tòjò. Àgbà ni, kò kánjú. Níbẹ̀ ló ti ṣe àṣìṣe. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan náà ló da gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ lé mi, n kò ní í jókòó níbí. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń fi kún un. Oṣù méje ni mo sì ti fi ń gba díẹ̀díẹ̀.

Oòrùn yọ lẹ́yìn òjò. Ó wà níwájú orí mi. Ó dé àtàrí. Ó lọ sí ìpàkọ́. Ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ dé kókósẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Èékánná mẹ́ta ṣí kúrò lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ àbúrò mi tó ń fi imú mí. Ẹrẹ̀ ti kan ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò lè la ẹnu mọ́. Bí mo bá ti rò pé màá jù ú sílẹ̀, màá gbọ́ imú yẹn, màá tún ka èémí mẹ́wàá.

Nígbà tó pẹ́, Agbérùmásọ̀ kò fi kún un mọ́. Ó gbé orí lé èjìká mi.

Ó ní, "Láti ìgbà tí ìyá mi ti pọ̀n mí, kò sí ẹni tó gbé mi rí."

Mo tún ka èémí mẹ́wàá.

Ó ní, "Ara ń ro mí. Ọmọ, sọ̀ mí."

Ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ru igi oko bọ̀, tó bá sọ ọ́ sí wa létí, ṣe là ń sáré dìde lọ sọ̀ ọ́, a kì í bi í ní nǹkan kan. Mo ti fẹ́ sọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọn kò kọ́ wa nílé, igbó ti kọ́ mi.

Mo ní, "Níbo, baba?"

N kò mọ̀ bóyá ẹnì kan ti bi í rí.

Ó ní, "Sórí ilẹ̀."

Mo ní, "Ṣé kí n gbé yín dúró?"

Ó ní, "Ó rẹ̀ mí láti dúró. Tẹ́ mi."

Mo kúnlẹ̀. Mo rọra tẹ́ ẹ sínú ẹrẹ̀ bí a ṣe ń tẹ́ ọmọ ọwọ́ sórí ẹní. Ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n dún kọ́ọ́kọ́ọ́. Mo gbọ́ nǹkan tó yí lẹ́yìn mi. Òkúta ló ń bọ́ kúrò lórí àbúrò mi. Ẹni tó ni ẹrù ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí ẹrù yóò wà.

Mo rántí pé ó ṣèlérí láti gba òkúta rẹ̀ padà. Mo bojú wò ó. Ó ti sùn lọ. Ó ń hanrun. N kò jí i.

Tìámíyù ní, "Baba, inú yín ò dùn?"

Mo pe Ògúnmọ́dẹdé. Ó jẹ́ mi láti inú imú. Mo fi ọwọ́ wa ilẹ̀ títí tí mo fi dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n ní ọjọ́ kejì kí n tó fà á jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ bí ìgbálẹ̀. Ó dìde, ó ṣubú. Ó tún dìde, ó tún ṣubú.

Mo lóṣòó, mo kẹ́yìn sí i.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó rẹ̀ yín."

Mo ní, "Ó rẹ̀ mí. Gùn mí lẹ́yìn."

Ó di èjìká mi mú, ó wá ibi tí ọrùn wà títí, kò rí i. Mo mí jáde, mo dìde. Ìrìn ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí á tó délé.